George Reeves

George Reeves (orúkọ àbísọ rẹ̀ ni George Keefer Brewer, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní ọdún 1914 – ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 1959) jẹ́ òṣèrékùnrin ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe Superman, akọni alágbára àrà nì, lórí tẹlifíṣàn, nínú eré alátìgbàdégbà Adventures of Superman tí wọ́n ṣàfihàn láti ọdún 1952 sí 1958.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú kékeré Woolstock ní ìpínlẹ̀ Iowa ni wọ́n ti bí i. Kò pẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ fi kọ ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìyá rẹ̀, Helen, kó lọ sí California, ó sì fẹ́ Frank Bessolo, ẹni tí ó gba ọmọ náà ṣe ọmọ tí ó sì fún un ní orúkọ ìdílé rẹ̀. Ní Pasadena Playhouse ni ó ti kọ́ṣẹ́ eré. Ilé-iṣẹ́ Warner Bros. ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di Reeves.

Iṣẹ́ sinimá

Ní ọdún 1939, ó kópa nínú Gone with the Wind gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì Tarleton tí wọ́n wà pẹ̀lú Scarlett O'Hara ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Ní ọdún 1943, olùdarí eré Mark Sandrich fún un ní ipa pàtàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Claudette Colbert nínú So Proudly We Hail!. Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà ti là fún un, ṣùgbọ́n wọ́n pè é wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún náà gan-an. Sandrich kú ní ọdún 1945, nígbà tí Reeves yóò sì fi padà sí Hollywood, ipa kéékèèké ni ó ń rí gbà.

Superman

Ní ọdún 1951 ni wọ́n fi iṣẹ́ Superman lọ̀ ọ́. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ òṣèré sinimá kò ka tẹlifíṣàn sí nǹkan kan, Reeves náà kò sì retí pé iṣẹ́ náà yóò mú òkìkí wá. Fíìmù Superman and the Mole Men ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré orí tẹlifíṣàn. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò pọ̀. Nítorí pé àwòrán dúdú àti funfun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ àwọ̀ ilẹ̀ àti eérú ni Superman wọ̀, kì í ṣe pupa àti búlúù. Wáyà ni wọ́n fi ń gbé e fò; lẹ́yìn tí ọ̀kan já tí ó sì ṣubú, ó di pé kí ó máa fi pákó àfitasókè fò gba ojú fèrèsé. Ìpín 104 ni eré náà ní.

Ohun tí ó mú kí àwọn olólùfẹ́ eré náà fẹ́ràn Reeves kì í ṣe fífò yìí. Clark Kent tirẹ̀ kì í ṣe ojo. Oníròyìn tí ó gbọ́n tí ó sì láyà ni. Lẹ́yìn kámẹ́rà pẹ̀lú, ó dúró ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ní kí wọ́n gbé orúkọ Phyllis Coates, Lois Lane àkọ́kọ́ nínú eré náà, sí ipò kan náà pẹ̀lú tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìṣèlú kan Robert Shayne, tí ó ṣe Ọ̀gá Ọlọ́pàá Henderson, Reeves gbèjà rẹ̀. Kì í mu sìgá níwájú àwọn ọmọdé, nítorí ó mọ̀ pé Superman ni wọ́n ń wò. Ní ọdún 1955, ó jẹ́ alága àpapọ̀ fún àjọ tí ń gbógun ti myasthenia gravis, àìsàn tí ń sọ iṣan ara di aláìlágbára.

Ìfẹ́ yìí kan náà ni ó há a mọ́. Ó ní ipa kékeré nínú From Here to Eternity (1953). Àhesọ kan tàn kálẹ̀ pé wọ́n gé e kúrò nítorí pé àwọn òǹwòran ń pariwo Superman bí wọ́n ti rí i. Fred Zinnemann tí ó darí fíìmù náà sẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yéé sọ ọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1957, ó yọjú nínú I Love Lucy. Nítorí àwọn ọmọdé tí ń wòran, wọn kò dárúkọ Reeves rárá. Superman nìkan ni wọ́n ń pè é. Ó darí ìpín mẹ́ta nínú sáà tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó fi hàn pé ó ń wá iṣẹ́ mìíràn tí yóò máa ṣe.

Ikú rẹ̀

Ní òru ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà ọdún 1959, ọta ìbọn pa á nínú ilé rẹ̀ ní Los Angeles. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni. Àwọn aláṣẹ sọ pé òun ni ó pa ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, ó sì gba agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò yí padà. Fíìmù Hollywoodland (2006), nínú èyí tí Ben Affleck ti ṣe Reeves, dá lórí àríyànjiyàn yìí. Ní èrò ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀, a ti sọ̀rọ̀ ikú náà ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Jack Larson, tí ó ṣe Jimmy Olsen, náà kò bọ́ lọ́wọ́ ipa rẹ̀. Ó fi eré ṣíṣe sílẹ̀, ó di òǹkọ̀wé, òun ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ opera Lord Byron (1972) tí Virgil Thomson ṣe orin rẹ̀. Noel Neill, Lois Lane láti sáà kejì, gba ìfẹ́ àwọn òǹwòran tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣí ère Lois Lane tí a gbẹ́ ní àwòrán rẹ̀ ní ìlú Metropolis, ìpínlẹ̀ Illinois. Larson àti Neill tún fara hàn nínú Superman Returns (2006). Larson kú ní ọdún 2015, Neill ní 2016, Coates sì kú ní 2023.