Shittu Àlàó: Olórí Ọmọ Ogun Òfurufú Tí Ó Kú Nínú Ọkọ̀ Tí Ó Ń Wà

Bí a bá dárúkọ Òrè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn àgbà ni ogun ọdún 1967. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ ìlú náà fi di àkàwé lẹ́nu Yorùbá fún ohunkóhun tí ó bá le koko. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí wọ́n jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó rántí ọmọ Yorùbá tí a fi ṣe olórí àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ wa ní oṣù kan náà. Shittu Àlàó ni orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1964 ni ìjọba àpapọ̀ dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú sílẹ̀. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n wá kọ́ wọn níṣẹ́, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe olórí wọn. Ní ọdún 1966, George Kurubo di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó wà ní ipò náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù kan, ipò náà bọ́ sọ́wọ́ Àlàó.

Àkókò tí ó gbà á kò rọgbọ rárá. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba ìlú Benin, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n sì ti dé Òrè, níbi tí ọ̀nà ti là lọ sí Èkó. Victor Banjo, ẹni tí ó ṣáájú wọn, ọmọ Yorùbá ni òun náà. Báyìí ni ogun náà ṣe fi ọmọ ìyá sí apá méjèèjì.

Àwọn ọkọ̀ òfurufú tí Jámánì fi sílẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ ìjà. Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà kọ̀ láti ta ọkọ̀ ìjà fún Nàìjíríà. Nítorí náà ni ìjọba ṣe yíjú sí ilẹ̀ Soviet àti Czechoslovakia, tí ọkọ̀ MiG àti L-29 fi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sí Kano ní oṣù kẹjọ yẹn. Ọkọ̀ dé, ṣùgbọ́n awakọ̀ kò tó. Àwọn àjèjì tí a fi owó gbà ni wọ́n ń wa púpọ̀ nínú wọn, àwọn ará Íjíbítì sì ń wa àwọn tí ó ń ju bọ́ǹbù. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ dá Biafra dúró ní Òrè, wọ́n sì gba Benin padà ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án.

Ẹni tí yóò bá sọ ìtàn Àlàó ní òtítọ́ kò gbọdọ̀ fo ibi tí ó korò. Ní àkókò tirẹ̀ ni bọ́ǹbù bọ́ sí ọjà àti ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Ìgbò, tí àwọn tí kò gbé ìbọn sì kú. Ní àkókò kan náà, àwọn ìjọ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì para pọ̀ ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé oúnjẹ lóru láti erékùṣù São Tomé lọ sí Uli fún àwọn tí ebi ń pa. Ìjọba fura pé ohun ìjà ń bá oúnjẹ wọlé. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 1969, ọkọ̀ MiG yìnbọn já ọkọ̀ Red Cross kan tí ó gbé oúnjẹ, àwọn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sì kú.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ikú kan olórí náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1969, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Àlàó nìkan ni ó wà nínú ọkọ̀ L-29 tí ó ń wà, nígbà tí ọkọ̀ náà já lulẹ̀ ní Uzebba, ní ìhà àríwá Benin. Kò tí ì pé ọmọ ogójì ọdún. Emmanuel Ikwue ni ó rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó fi pé oṣù mẹ́ta gééré, ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1970, ogun parí.

Ẹ̀yin ará, ohun méjì ni ìgbésí ayé yìí fi lé wa lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, Àlàó kò jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sínú ewu tí òun kò lè wọ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí a fi ṣe olórí, nínú ìlú àti nínú ìjọ, ronú sí èyí. Èkejì, ìgboyà olórí kò pa ẹkún àwọn tí ogun rẹ̀ kàn rẹ́. Bí a bá ń gba Òrè kọjá lọ sí Benin, ọ̀nà tí ìbọn ti dún lọ́jọ́ náà ni a ń tọ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀gágun tí ó ṣubú ní Uzebba, kí a má sì gbàgbé ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò balẹ̀.