Ferdinand Adolph Lange, Aláago Tí Ó Jí Glashütte Dìde Nínú Òṣì

Ní apá gúúsù ìlú Dresden, ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn òkè kan wà tí à ń pè ní Erzgebirge. Láàrin àwọn òkè náà ni odò Müglitz ti ń ṣàn gba àfonífojì tóóró kan kọjá, etí odò yìí ni ìlú kékeré tí ń jẹ́ Glashütte sì tẹ̀dó sí. Láyé àtijọ́, fàdákà ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1840, fàdákà ti tán nínú ilẹ̀, àwọn awakùsà kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́, ebi sì ti di àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Àwọn kan ń hun koríko gbígbẹ tà, àwọn kan ń fọ́ òkúta, síbẹ̀ owó tí ń wọlé kò tó ra oúnjẹ. Lónìí, kò sí ẹni tí ó mọ aago ní àmọ̀dájú tí kò mọ orúkọ ìlú náà. Ọkùnrin tí ó fa ìyípadà yìí ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. A ó sì sọ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe há sáàrin ìjà àwọn tí ó gbà pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àdáni àti àwọn tí ó ní ti àjùmọ̀ní ni kí ó jẹ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 1815 ni a bí Ferdinand Adolph Lange sí Dresden, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ọba Saxony. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní àkókò náà, Jámánì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ọba kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni bàbá ọmọ náà. Àárín bàbá àti ìyá kò gún, wọ́n sì pínyà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ di ẹni tí ìdílé oníṣòwò kan gbà tọ́. Ní ọdún 1830, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lọ kọ́ṣẹ́ aago lọ́dọ̀ Johann Christian Friedrich Gutkaes. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó kọ́. Ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dresden ní ọdún 1828 pẹ̀lú. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún un, nítorí ọ̀pọ̀ aláago ìgbà náà ni ọwọ́ wọn dá ṣáṣá ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ìṣirò ṣàlàyé ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe.

Gutkaes kì í ṣe ọ̀gá kékeré. Òun ni ó ṣe aago àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sókè ìtàgé nínú ilé eré orin tí Gottfried Semper yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní Dresden ní ọdún 1841. Aago náà kò ní ọwọ́. Fèrèsé méjì ni ó ní: ọ̀kan ń fi wákàtí hàn, èkejì ń fi ìṣẹ́jú hàn ní màrún-ún màrún-ún, ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá sì lè kà á. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà bọ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí Lange parí iṣẹ́ kíkọ́, ó gbéra ní ọdún 1837 láti lọ rìn kiri, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Jámánì. Ó dúró pẹ́ ní Paris lọ́dọ̀ Joseph Thaddeus Winnerl, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ jù nínú aago tí àwọn atukọ̀ òkun ń lò. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé Switzerland. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń ya àwòrán àwọn ẹ̀yà aago sí, tí ó sì ń kọ ìṣirò wọn sí. Ní Switzerland ni ó ti rí ohun tí ó gbà á lọ́kàn jù: gbogbo abúlé orí òkè tí ń jẹun lórí aago, tí ìdílé kan ń ṣe ẹ̀yà kan, tí ìdílé mìíràn sì ń ṣe òmíràn, nínú ilé tiwọn. Ó padà sí Dresden ní ọdún 1841, ó fẹ́ Antonia, ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ní ọdún 1842, ó sì di alábàáṣiṣẹ́pọ̀ bàbá ìyàwó rẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Ọ̀nà ààfin ọba ti là, àwọn ọlọ́rọ̀ Dresden kò sì ní yéé ra aago. Lange kò jókòó. Ó kọ̀wé sí ìjọba Saxony léraléra, pàápàá jù lọ sí ìjòyè kan tí ń jẹ́ von Weissenbach, ó sì ṣàlàyé fún un pé a lè gbin iṣẹ́ aago sáàrin àwọn òtòṣì orí òkè bí ìgbà tí a bá gbin irúgbìn tuntun. Ìjọba pàápàá ń wá ohun tí yóò ṣe sí ìṣẹ́ àwọn ará òkè. Ní ọdún 1845 wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé: ìjọba yóò yá Lange ní 6,700 táálà, èyí tí í ṣe owó ìgbà náà, wọn yóò sì fi 1,120 táálà kún un fún irin-iṣẹ́, òun náà yóò kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níṣẹ́ ní Glashütte. Ọjọ́ keje, oṣù kejìlá, ọdún náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó rọrùn. Àwọn ọwọ́ tí ó ti ń hun koríko tàbí tí ó ti ń fọ́ òkúta ni ó fẹ́ kọ́ láti di irin tí kò tó irun orí mú. Owó ìjọba kò tó nǹkan. Owó tí Lange ti fi pamọ́ wọ inú rẹ̀, ti aya rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ń kọ ìtàn àwọn ẹni ńlá a máa tètè gbójú fo irú aya bẹ́ẹ̀. A kò ní gbójú fò ó níhìn-ín. Antonia fi ìgbé-ayé ìrọ̀rùn ní Dresden sílẹ̀, ó wá sí ìlú tí kò ní nǹkan kan, láìmọ̀ bóyá ohun tí ọkọ rẹ̀ ń lá lálàá yóò ṣẹ.

Ohun tí ó mú kí ó ṣẹ ni ètò. Lákọ̀ọ́kọ́, Lange kọ ìwọ̀n àtijọ́ tí àwọn aláago Paris ń lò sílẹ̀, ó sì mú ìwọ̀n mítà lò; ó ṣe irin ìwọ̀n kan tí ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà hàn, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ọmọ-iṣẹ́ kan wọ̀n níhìn-ín bá ohun tí ẹnì kejì wọ̀n lọ́hùn-ún mu. Ó tún ṣe ẹ̀rọ tí a fi ẹsẹ̀ ń yí, kí ọwọ́ méjèèjì oníṣẹ́ lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì, ó pín iṣẹ́ náà. Ẹnì kan a kọ́ bí a ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ eléyín, ẹnì kan a kọ́ síkúrúù, ẹlòmíràn a kọ́ àwọn ọwọ́ aago. Nígbà tí ọmọ-iṣẹ́ bá mọ tirẹ̀ dájú, Lange a tì í lẹ́yìn pé kí ó lọ dá ilé-iṣẹ́ kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlú, kí ó máa ṣe ẹ̀yà náà tà fún òun àti fún ẹlòmíràn. Àwọn aláago mìíràn tẹ̀lé e wá sí Glashütte: Adolf Schneider, tí ó jẹ́ àna rẹ̀, Julius Assmann àti Moritz Grossmann. Wọ́n ń bá a figagbága lórí ọjà, síbẹ̀ kò lé wọn. A gbà pé ibí ni ọgbọ́n ọkùnrin yìí hàn jù.

Àwọn ará ìlú fi í ṣe olórí ìlú, ó sì wà lórí oyè náà fún ọdún 18. Ó tún jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Saxony. Àkókò rúkèrúdò ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1849, àwọn ènìyàn dìde sí ọba ní Dresden, ìbọn dún ní ìgboro, Semper tí ó kọ́ ilé eré orin sì ní láti sá kúrò nílùú. Ní ọdún 1867 ni Karl Marx tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí owó-òkòwò jáde ní Hamburg. Nígbà tí ó fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ kan ṣe ń pín sí ọ̀pọ̀ ọwọ́, aago ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ó sì to àwọn oníṣẹ́ ẹ̀yà aago lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ara wọn ń bá ara wọn du iṣẹ́, àti pé olówó tí ń gba ẹ̀yà lọ́wọ́ wọn bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó kíkọ́ ilé-iṣẹ́. Switzerland ni Marx ń wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan Glashütte, nítorí láti ibẹ̀ ni Lange ti rí àpẹẹrẹ tirẹ̀. Bí a bá sì wo ọ̀ràn náà dáadáa, a ó rí i pé ti Lange kò wọ inú àpótí kan ṣoṣo. Owó gbogbo ìlú ni ó fi bẹ̀rẹ̀, àdáni ni ó fi ṣe é, ó sì sọ ọmọ-iṣẹ́ di ọ̀gá ara rẹ̀.

Ní ọdún 1864 ó mú iṣẹ́ inú aago àpò rẹ̀ dára sí i: ó fi àwo irin kan ṣoṣo bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀rọ náà, kí àwọn kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ má baà yẹ̀. Ní ọdún 1868 ni Richard, ọmọ rẹ̀, wọ iṣẹ́ náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ sì di A. Lange & Söhne; Emil, àbúrò Richard, tẹ̀lé e. Bàbá wọn kú ní ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá, ọdún 1875, ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Grossmann dá ilé-ẹ̀kọ́ aago sílẹ̀ nínú ìlú náà ní ọdún 1878, ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ ní 1890, wọ́n sì gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún Lange ní 1895.

Ogun ni ó ba nǹkan jẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe aago fún àwọn awakọ̀ òfuurufú ológun Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, ọdún 1945, ọjọ́ tí ogun parí gan-an, ni ọkọ̀ òfuurufú Sófíẹ̀tì ju bọ́ǹbù sí Glashütte, tí ilé-iṣẹ́ Lange sì wó. Nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ tún un gbé dìde tán, òfin tuntun ti dé. Saxony ti bọ́ sọ́wọ́ Sófíẹ̀tì, àwọn ará ibẹ̀ sì ti dìbò ní oṣù kẹfà ọdún 1946 pé kí a gba ilé-iṣẹ́ àwọn tí ó jẹ̀bi ogun kí ó di ti gbogbo ènìyàn. Ní ogúnjọ́, oṣù kẹrin, ọdún 1948, wọ́n gba ti ìdílé Lange. Walter, tí Ferdinand Adolph jẹ́ bàbá-ńlá rẹ̀, kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kí ó lọ wa kùsà uranium. Ó sá lọ sí Pforzheim ní Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Ní ọdún 1951 ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn pa gbogbo ilé-iṣẹ́ aago ìlú náà pọ̀ di ọ̀kan. Orúkọ Lange pòórá lójú aago. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo: iṣẹ́ náà kò kú. Láti ọdún 1964 ni aago ọwọ́ tí ń jẹ́ Spezimatic ti ń jáde níbẹ̀, tí òṣìṣẹ́ lásán sì lè rà á, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọlọ́rọ̀ ni aago Lange wà fún látilẹ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí Lange kọ́ níṣẹ́ sì ń rí iṣẹ́ ṣe ní ìlú wọn. Ohun tí a kò lè gbójú fò ni pé wọ́n lé ìdílé tí ó gbin igi jìnnà sí abẹ́ òjìji rẹ̀.

Odi Berlin wó ní ọdún 1989. Ní ọjọ́ keje, oṣù kejìlá, ọdún 1990, tí ó pé ọdún 145 gééré tí ìṣáájú bẹ̀rẹ̀, Walter Lange, ẹni ọdún 66, tún forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Glashütte, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Günter Blümlein. Kò ní ilé, kò ní ẹ̀rọ. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ètò àjùmọ̀ní wà lára àwọn tí ó gbà síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Richemont ti Switzerland ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2000, Walter sì kú ní ọdún 2017.

Aago mẹ́rin àkọ́kọ́ jáde nínú ààfin Dresden ní oṣù kẹwàá ọdún 1994. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n pè ní Lange 1, ní fèrèsé ńlá méjì tí ń fi ọjọ́ inú oṣù hàn. Ara aago tí Gutkaes gbé kọ́ sókè ìtàgé ni wọ́n ti mú un. Iná jó ilé eré orin ti àkọ́kọ́ ní ọdún 1869, bọ́ǹbù ba èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ní 1945, ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn sì tún un kọ́, tí wọ́n ṣí i ní 1985. Aago onífèrèsé méjì wà lókè ìtàgé rẹ̀ títí di òní.