Condorcet: Ẹni Tí Ó Fi Ìṣirò Yẹ Àwọn Adájọ́ Wò

Bí rẹfirí bá fọn fèrè, àwọn kan a ní ó káre, àwọn kan a ní ó ti gba rìbá. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò bá wọn pariwo. Ìṣirò ni ó fi yẹ ẹni tí ń dájọ́ wò.

Ní 1743 ni a bí Condorcet ní Ribemont, nílẹ̀ Faransé. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tí í ṣe jagunjagun, kú. Ní 1769 ó wọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris. Ní 1781 ó kọ ìwé tako kíkó àwa aláwọ̀ dúdú lẹ́rú. Ní 1785 ó tẹ ìwé jáde lórí ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìbò dá.

Ẹ jẹ́ kí n fi adájọ́ mẹ́ta tí ń wo ìjà àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń gbà á ní ìgbà 6 nínú 10, tí kò sì wo ojú ẹnìkejì kí ó tó dájọ́, ohun tí púpọ̀ nínú wọn bá fẹnu kò sí yóò tọ̀nà ní bí ìgbà 65 nínú 100. Bí wọ́n bá pọ̀ sí i, àṣìṣe a máa dínkù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń gbà á ní ìgbà 4 péré nínú 10, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gbà á ní ìgbà 35 nínú 100. Bí irú wọn ti ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí ìjọba dojú dé ní Faransé, Condorcet di aṣòfin. Ní oṣù kìíní 1793, ó kọ̀ láti dìbò pé kí a pa ọba. Ní oṣù kẹfà, àwọn tí ó dira ogun yí ilé ìgbìmọ̀ ká, ìbò sì di ìbò ìbẹ̀rù. Ní oṣù keje, ìgbìmọ̀ yìí kan náà pàṣẹ pé kí a mú un, nítorí pé ó bu ẹnu àtẹ́ lu òfin tuntun wọn. Ó fara pamọ́ ní Paris, ó ń kọ̀wé. Ní oṣù kẹta 1794 ó jáde, kí ewu má bàa bá obìnrin tí ó gbà á sílé. Wọ́n mú un. Láìpẹ́ wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n.

Òótọ́ ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Síbẹ̀, lójú tèmi, ohun méjì ni ó yẹ kí á bi rẹfirí tàbí ìgbìmọ̀ yòówù: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà á, àti pé ṣé ojú ara rẹ̀ ni ó fi ń wò ó?