James Clerk Maxwell àti Àwòrán Aláwọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí bá ìgbésí-ayé James Clerk Maxwell mu, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu pẹ̀lú.

Ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland ni a bí i sí ní ọjọ́ 13, oṣù kẹfà, ọdún 1831. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ inú pa ìyá rẹ̀. Ní ilé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní òmùgọ̀. Síbẹ̀, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá a ka iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ níwájú àwọn amòye Edinburgh, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kéré jù.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Aberdeen ní 1856. Ní 1860, wọ́n da kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì ìlú náà pọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba King's College ní Lọ́ńdọ̀nù lọ. Níbẹ̀ ni òun àti Katherine aya rẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí bí ojú ṣe ń mọ àwọ̀.

Ní ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, 1861, ó fi èrò rẹ̀ han àwùjọ ní Royal Institution. Thomas Sutton ti bá a ya ọ̀já aláràbarà kan lẹ́ẹ̀mẹta: ìmọ́lẹ̀ gba inú omi pupa wọ kámẹ́rà fún ọ̀kan, omi aláwọ̀ ewé fún òmíràn, àti omi búlúù fún òmíràn. Dúdú òun funfun ni àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Maxwell fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ mẹ́ta yìí tàn wọ́n pọ̀ sójú kan náà, ọ̀já náà yọ tàwọ̀tàwọ̀.

Oríire wà níbẹ̀ o! Oògùn ara gíláàsì ayé ìgbà náà kò mọ pupa rárá. Ní 1961 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Kodak rí i pé ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí aṣọ pupa náà ń dá padà, ni ó rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ èrò náà kò yẹ̀.

Òun náà ni kámẹ́rà òde òní ń lò. Gẹ́gẹ́ bí ètò Bryce Bayer, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1976, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ẹyinjú kéékèèké kọ̀ọ̀kan inú kámẹ́rà ń gbà. Nínú mẹ́rin, méjì a gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan a gba pupa, ọ̀kan a gba búlúù. Kọ̀ǹpútà ni yóò wo àwọn aládùúgbò ẹyinjú kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi àwọ̀ méjì tí kò ní kún un. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ oní-bit 14, ìpele ìmọ́lẹ̀ tí ẹyinjú kan lè kọ sílẹ̀ jẹ́ 16,384. Bí a bá há gbogbo rẹ̀ mọ́ inú 256 ti àwòrán oní-bit 8, ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú òkùnkùn lè parẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń tọ́jú rẹ̀ sí bit 16, tí àyè 65,536 wà.

Maxwell kò rí èyí. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n Cavendish àkọ́kọ́ ní Cambridge ní 1871. Ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, 1879, irú àrùn tí ó pa ìyá rẹ̀ pa òun náà, ní ọmọ ọdún 48.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ojú òmùgọ̀ wo ẹnikẹ́ni. Ẹyinjú kan kò dá àwọ̀ mọ̀. Ọgbọ́n kò sì sí lórí ẹnìkan ṣoṣo.