Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá: Láti Orí Aṣọ Títà Dé Orí Táyà Ṣíṣe

  Ìtàn ẹnì kan tó fi òwò ṣe orúkọ la fẹ́ sọ níbí, kí àwọn ọmọ wa lè kà á sí wa létí nílé. Ẹni náà ni Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, ará Ìjẹ̀bú-Òde, tó kú ní 1995. Kì í ṣe ọmọ Okun, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko ní Bùnú rí, tàbí tó ti kó iṣu sínú lọ́rì láti Kábà lọ sí Lọ́kọ́ja, ọ̀rọ̀ táyà kàn án, ọ̀rọ̀ Odùtọ́lá sì kàn án.

Ìdí kejì tí a fi mú ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, awuyewuye kan náà ló máa ń wáyé nínú ìpàdé. Àwọn kan á ní ká pín èrè tán, nítorí owó ilé ìwé ọmọ ń bọ̀, Kérésì náà sì ń bọ̀. Àwọn mìíràn á ní ká yọ díẹ̀ sílẹ̀, ká fi ra ẹ̀rọ tí a ó fi máa lọ ẹ̀gẹ́ fúnra wa. Ẹnu wa ò tíì kò lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹlòmíì ṣe ṣe tirẹ̀.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1902 ni wọ́n bí Odùtọ́lá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún 10 péré ṣáájú ìgbà náà, ní 1892, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Kó tó di ìgbà náà, àwọn Ìjẹ̀bú ló ń ṣọ́ ọ̀nà tó wá láti etíkun, wọn kì í jẹ́ kí àjèjì kọjá bó ṣe wù ú. Nígbà tí ọ̀nà ṣí tán, wọ́n kó sínú òwò àti ẹ̀kọ́ ìwé tọkàntọkàn. Inú ayé báyìí ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Ó lọ sí ilé ìwé girama Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913. Nígbà tó jáde, ó di akọ̀wé kóòtù.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn láti ẹnu àwọn òbí yín mọ ohun tí akọ̀wé kóòtù jẹ́ láyé ìjọba òyìnbó. Owó oṣù kì í yẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ìlú ló ń kí wọn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jókòó sídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi darúgbó. Odùtọ́lá ò jókòó síbẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì gba ọjà lọ.

Aṣọ wà lára ohun tó kọ́kọ́ tà, pàápàá dámásíkì tó ń ti òkè òkun wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ mọ̀ pé òwò náà kò gba aláìnísùúrù. O ní láti mọ èyí tí yóò tà lásìkò ìyàwó àti èyí tí yóò tà lásìkò òkú. O ní láti mọ ẹni tí o lè bùn láwìn àti ẹni tí yóò jẹ gbèsè sá lọ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìlú mélòó kan. Ó tún wọ òwò kòkó àti èkùrọ́, ó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń tà á sókè òkun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá yí padà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìgbà náà, bí owó bá ti wọlé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, mọ́tò ni, òkú bàbá ńlá tún ni. Odùtọ́lá náà kọ́lé, kò sẹ́ni tó ní kéèyàn má kọ́lé. Ṣùgbọ́n ó ń yọ apá kan nínú èrè rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi ra ohun tó lè ṣiṣẹ́. Ó dá ṣọ̀míìlì sílẹ̀ fún ìlagi. Ó wọ iṣẹ́ wíwa wúrà. Lẹ́yìn èyí ló kan rọ́bà.

Rọ́bà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1890, wọ́n rí i pé igi ìrẹ́ tó wà nínú igbó wa ní oje tó ń di rọ́bà. Àwọn èèyàn ya wọ igbó. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó jáde láti Èkó ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ igi náà lára láìjẹ́ kó sinmi, wọ́n tún ń gé òmíràn lulẹ̀. Kí ọ̀rúndún tuntun tó dé, èyí tó pọ̀ jù lára àwọn igi náà ti kú, owó náà sì lọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Oje igi nìkan kì í sì í ṣe táyà. Bó bá gbóná, á yọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bó bá tutù, á le gbagidi. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Charles Goodyear, ló rí i ní 1839 pé tí wọ́n bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, tí wọ́n sì sè é nínú iná, kò ní yọ́ mọ́, kò sì ní le. Gbogbo táyà ayé títí dòní, ọgbọ́n yẹn ni wọ́n ń lò. Ó ṣe ni láàánú pé nígbà tí Goodyear fúnra rẹ̀ kú ní 1860, gbèsè tó tó 200,000 dọ́là ló fi sílẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, ìṣirò owó ni kò bá a mu.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1942, àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Málàyà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ rọ́bà ayé ti ń wá. Ojú ẹsẹ̀ ni táyà wọ́n káàkiri, Nàìjíríà náà ò gbẹ́yìn. Lọ́rì tó ń kó oúnjẹ wá sọ́jà á dúró nítorí táyà kan ṣoṣo. Ohun tí ogun fi kọ́ àwọn oníṣòwò ni pé ẹni tó bá ń dúró de ọkọ̀ òkun fún ohun gbogbo, ọjọ́ tí ọkọ̀ ò bá dé, ọjà rẹ̀ tú.

Lẹ́yìn ogun ni Odùtọ́lá wọ iṣẹ́ fífi rọ́bà tuntun bo táyà tó ti pá lórí. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ táyà náà wò tinú tòde, nítorí bí inú rẹ̀ bá ti já, ìmúrasílẹ̀ òfo ni. Bí inú bá ṣì le, wọ́n á ha ojú rẹ̀ kó lè ṣe ṣákaṣàka. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù rọ́bà pa á, wọ́n á wá na rọ́bà tútù tí imí ọjọ́ ti wà nínú rẹ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ sínú páànù irin tí wọ́n ti gbẹ́ àpẹẹrẹ ojú táyà sí, wọ́n á sè é pẹ̀lú ooru tó ju ti omi híhó lọ. Rọ́bà tuntun àti ti àtijọ́ á di ẹyọ kan. Owó rẹ̀ kò tó ti tuntun, onílọ́rì á sì tún rí i lò.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé aláṣọ ló bọ́ sídìí táyà. Ẹ la táyà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ wò, aṣọ ni ẹ ó bá nínú rẹ̀. Rọ́bà nìkan ò lágbára tó, aṣọ ló dì í mú. Aṣọ náà ní ìhun tirẹ̀: fọ́nrán tó gùn lóòró nípọn, ó sì sún mọ́ra, èyí tó dábùú kéré, ó tín-ín-rín, kí èyí tó gùn má baà fọ́n ká ni iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ìyá wa ní Bùnú tó ń hun aṣọ ìpò fún òkú àwọn olóyè kò ní nílò olùkọ́ kí wọ́n tó lóye ìyẹn. Òwú ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Òwú ní irun lára, rọ́bà ń rí i dì mú. Nígbà tí wọ́n gbé òwú àtọwọ́dá dé, tó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, rọ́bà kò lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ní ìparí àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí ojútùú: wọ́n á kọ́kọ́ ri aṣọ náà bọ inú oje rọ́bà tí wọ́n ti po kẹ́míkà mọ́, wọ́n á gbẹ ẹ, kí wọ́n tó fi rọ́bà bò ó. Bí aláró ṣe ń ri aṣọ bọ aró náà ni. Nígbà tí náílọ̀nù, tí wọ́n ṣe jáde ní 1935, wá di òwú táyà, rírì bọ oje yìí náà ni wọ́n fi ń mú un lẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, Odùtọ́lá kọjá títún táyà ṣe, ó dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà àti túùbù kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ẹ rántí ohun tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ nígbà náà. Òun ló ń gbé àpò kòkó, òun ló ń gbé ìyàwó àti ọmọ, òun ló ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé ìwé abúlé. Àbúrò rẹ̀, Jimoh Odùtọ́lá, náà di oníléeṣẹ́ rọ́bà ní Ìbàdàn.

Kò fi owó náà ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Ní 1945 ló dá ilé ìwé girama Olú-Ìwà sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ilé ìwé náà báyìí. Ìlú rẹ̀ fi í jẹ Ògbẹ́ni Ọjà. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà tí à ń pè ní MAN sílẹ̀ ní 1971, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1972, ìjọba ṣòfin pé àwọn iṣẹ́ kan di ti ọmọ Nàìjíríà nìkan. Fífi rọ́bà tuntun bo táyà wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni lílọ ìrẹsì àti ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Kó tó di pé òfin dé ni Odùtọ́lá ti wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ó lo ọdún tó lé ní 90 láyé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nǹkan ò rọrùn fún iṣẹ́ táyà ní Nàìjíríà. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkejà ní 2008. Iná tí kì í dúró àti táyà òkè òkun tó ń wọlé wà lára ohun tó fà á. Ẹ lọ wo iwájú àwọn fọkanáísà lójú ọ̀nà, ẹ ó rí i pé tòkunbọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, táyà tí ẹlòmíì ti lò kó tó jù ú sílẹ̀. A tún ti ń dúró de ọkọ̀ òkun.

Nítorí náà, a ò parọ́ fún yín pé ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ ti bọ́. Ẹ̀rọ ń bàjẹ́, iná ń lọ, ìjọba ń yí òfin padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pín gbogbo èrè jẹ kò ní ẹ̀rọ tí yóò bàjẹ́, kò sì ní ohun tí yóò tún ṣe. Odùtọ́lá kò dá owó ẹbí dúró kó tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Apá kan ló ń jẹ, apá kan ló ń fi sílẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ tí kò gba owó ńlá: àtúnṣe ló kọ́kọ́ ṣe, kó tó kan tuntun. Ẹ̀gẹ́ wà lóko wa, ọwọ́ wa sì mọ iṣẹ́ gaàrí. Tí a bá tún pàdé lórí ọ̀rọ̀ pínpín yẹn, kí oníkálukú mú ìtàn yìí dání wá.