Rudolf Diesel: Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ epo

Bí iná mànàmáná bá lọ ní Akobo, nílùú Ìbàdàn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ló máa ń gba àdúgbò. Àwọn tó tóbi jù nínú wọn, dísẹ̀lì ni wọ́n sábà máa ń lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ra epo yìí ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni.

Ìlú Paris, lórílẹ̀-èdè Faransé, ni wọ́n ti bí Rudolf Diesel lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1858, àmọ́ ọmọ Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lọ́dún 1870, ìdílé náà sá lọ sí London, kí wọ́n tó fi ọmọ ránṣẹ́ sí Augsburg, ní Jámánì, láti kàwé. Ìlú yìí kan náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ yọrí lọ́dún 1897. Ẹ́ńjìnnì náà kò nílò púlọ́ọ̀gì, torí pé atẹ́gùn tó fún pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbóná débi pé epo yóò gbiná fúnra rẹ̀.

Níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi tan ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ìjọba Faransé ló béèrè fún un, nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Lọ́dún 1912, Diesel sọ pé òróró ohun ọ̀gbìn lè di pàtàkì bí epo rọ̀bì lọ́jọ́ iwájú.

Kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1913, ó dàwátì nínú ọkọ̀ ojú omi Dresden tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n rí òkú rẹ̀ lójú òkun. Ẹni ọdún 55 ni.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kú. Lọ́dún 2007, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà kan jáde pé kí wọ́n máa fi ethanol tí wọ́n bá ṣe láti ara ẹ̀gẹ́ àti ìrèké lú bẹntiróòlù. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ni gàrí, òun náà ni láfún. Nígbà tí oúnjẹ gbówó lórí káàkiri àgbáyé lọ́dún 2008, àgbàdo tí wọ́n ń sọ di epo mọ́tò wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ dá lẹ́bi. Bí olówó ọkọ̀ àti tálákà bá jọ ń ná ẹ̀gẹ́ kan náà lọ́jà, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí yóò rà á.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òróró tí alákàrà ti lò tán náà ṣeé sọ di epo ẹ́ńjìnnì, ìyẹn kò sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.