Akati Ekplékendo: Alágbẹ̀dẹ tí ó fi àlòkù irin rọ ère Ògún

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin mọ̀ pé irin wà nínú orúkọ ìlú yín. Àwọn àgbà sọ pé òkúta tí ọdẹ kan fi ń lọ irin iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ ní Ìlọrin. Nítorí náà, ìtàn alágbẹ̀dẹ kò lè ṣe àjèjì sí yín. Alágbẹ̀dẹ tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ gbé ayé ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Akati Ekplékendo ni orúkọ rẹ̀.

Ìtàn sọ pé ará ìlú Doumè ni, ní ìhà Savalou. Ọba Ghezo, tí ó jọba ní Dàhọ̀mì láti 1818 sí 1858, ń bá àwọn ìlú tó yí i ká jagun. Ẹ ó rántí pé òun náà ni ó gbé ogun wá sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1851. Nígbà tí ogun rẹ̀ kó Doumè, wọ́n mú Akati lẹ́rú lọ sí Agbómè, olú-ìlú Dàhọ̀mì. Ọ̀pọ̀ ẹrú ìgbà náà ni wọ́n tà fún òyìnbó létí òkun. Ti Akati kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi sin ọba.

Ní nǹkan bí ọdún 1858 ni ó rọ ère Gu, òrìṣà irin àti ogun tí àwa Yorùbá ń pè ní Ògún. Ère náà ga tó ènìyàn, ó lé ní mítà kan ààbọ̀. Àlòkù irin tí ó ti Yúróòpù wá ni ó fi ṣe é. Ó lu irin, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì so wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi di ọkùnrin kan tí ó wọ ẹ̀wù irin. Lórí fìlà rẹ̀, ó to irin kéékèèké sí i: ohun ìjà àti ohun èlò iṣẹ́, nítorí òrìṣà kan náà ni ó ni ti jagunjagun àti ti àgbẹ̀.

Òwe wa ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó dúró ti nǹkan láìyẹsẹ̀ mọ ohun tí ó ń wá. Nínú ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní pàǹtí, Akati rí òrìṣà.

Ní ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé gba Agbómè. Wọ́n rí ère náà ní Ouidah, ó sì dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Paris ní ọdún 1894. Àwọn akéwì àti oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ wò ó, wọ́n yìn ín, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún wọn kò dárúkọ ẹni tí ó rọ ọ́. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé e lọ sí Louvre. Nígbà tí Faransé dá ohun ìṣúra 26 padà fún Benin ní ọdún 2021, ère Gu kò sí lára wọn, Ààrẹ Patrice Talon sì sọ ọ́ ní gbangba pé ó dun òun.

Kí ni a rí kọ́? Wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Akati, wọn kò lè gba ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ṣa agolo àti ìdérí ìgò jọ, ẹ má tètè gbá a dànù. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ó bá ṣe é tán, ẹ jẹ́ kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i.